Ọdún Mẹ́ta Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Pa Rẹ́

Inú ọ̀rá búrẹ́dì ni ọkùnrin kan gbé páàdì tó fi ń darí géèmù sí wá bá mi. Ó gbé e lé orí tábìlì mi, ó sì fà sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹni tó fi ọkọ̀ pa ajá onílé tó wá ń dá òkú rẹ̀ padà.

Iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ni mò ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù mi wà láàárín ilé oògùn kan àti ibi tí wọ́n ti ń ṣe fọtokópì, kò sì fẹ̀ ju kí èèyàn méjì dúró kí ẹnì kẹta máa yọjú lọ. Ẹnjiníà ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Mo wo páàdì náà. Igi ìdarí rẹ̀ ti kán, ìkarahun rẹ̀ sì ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Kí ló ṣe é?" ni mo bi í.

"Ó jábọ́ ni, Mà."

"Ó jábọ́ síbo?"

Ó wolẹ̀. "Sára ògiri."

"Sára ògiri? Ṣé ẹ̀gbẹ́ ni nǹkan máa ń jábọ́ sí nílé tiyín ni?"

Ẹ̀rín pa á. Ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín ni mo ti rí i pé fúláwà wà nínú irun rẹ̀, ó wà nínú ìpéǹpéjú rẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì sì ki bí apá ẹni tó ti ń bá nǹkan jìjàkadì láti ìdájí. Oníbúrẹ́dì ni. Bí gbogbo èèyàn ṣe ń pè é nìyẹn, bí èmi náà ṣe ń pè é títí dòní nìyẹn.

Páàdì kẹta nìyẹn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó ní ọ̀tá kan wà nínú géèmù òun tí òun ń pè ní Baba Onírin, pé òòlù gàgàrà kan ló máa ń fi gbá òun mọ́lẹ̀, pé ó ti di oṣù méje tí òun ti ń bá a jà.

"Oṣù méje? Ẹ ò ṣe kúkú gbàgbé ẹ̀?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó gbàgbé orúkọ bàbá rẹ̀.

Ó padà wá gba páàdì náà pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé rédíò kan wá. Mo tú súkúrù rẹ̀, mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo tún un dì.

"Rédíò yìí yá gágá," mo ní.

"Mo mọ̀," ó ní. "Èmi ni ara mi ò yá."

Kó tó di oṣù kejì, a ti fi "ẹ" sílẹ̀, a ti bọ́ sórí "o". Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní iyọ̀ mi. Mo ní kí ló dé tí kì í ṣe ṣúgà, bíi tàwọn ọkùnrin yòókù? Ó ní, "Búrẹ́dì lè dùn láìsí ṣúgà. Bí kò bá sí iyọ̀, kànìnkànìn lò ń jẹ yẹn." Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò ní fi bò.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Aago mẹ́ta ìdájí ni Oníbúrẹ́dì máa ń jí lọ síbi iṣẹ́, aago méjìlá ọ̀sán ló sì ń ṣíwọ́. Láti aago kan sí aago mẹ́ta, nígbà tí àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, òun ti na ẹsẹ̀ sórí àga, ó ti di páàdì mú. Àkókò yẹn náà lèmi máa ń ti ṣọ́ọ̀bù fún ìsinmi ọ̀sán. Màá lọ bá a nílé. Màá sọ̀rọ̀, á ní, "Ẹ̀n-ẹ́n."

Lọ́jọ́ kan mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ti bímọ o."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

"Ewúrẹ́ ló bí."

"Ẹ kú ewu. Ìyá ńkọ́, ọmọ ńkọ́?"

"Oníbúrẹ́dì!"

"Iyọ̀ mi, dákun, mi ò tíì dé ibi tí géèmù ti máa ń tọ́jú ibi tí mo bá eré dé. Tí mo bá pa á báyìí, gbogbo ohun tí mo ti ń ṣe láti àná á dòfo."

Irú eré wo nìyẹn? Èèyàn ń gbá bọ́ọ̀lù, òjò dé, wọ́n á sá wọlé. Èèyàn ń kàwé, á ṣẹ́ etí ìwé, á pa á dé. Àmọ́ eléyìí, àfi kó o rìn dé ìdí iná kan lórí òkè kan kó tó gbà pé o wá sáyé rí. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀rọ á ní òun fẹ́ tún ara òun ṣe. Wákàtí méjì tó ní láti fi ṣeré, á fi wo ìlà kan tó ń wọ́ bí ìgbín lójú tẹlifíṣọ̀n. Inú á máa bí i, inú á máa bí èmi náà, torí pé tínú bá ń bí i kì í lè bá mi sọ̀rọ̀, tínú rẹ̀ bá sì dùn, kì í ráyè bá mi sọ̀rọ̀.

Síbẹ̀, ó ní òun fẹ́ fẹ́ mi, mo sì ní mo gbà. Ó wá ku àwọn òbí mi.

Ọ̀gá ilé ìwé ni Màmá mi kó tó fẹ̀yìn tì. Ọgbọ̀n ọdún ló fi bá àwọn ọmọ tó bá pẹ́ dé wí, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ kì í dé lásìkò: ṣe ló máa ń ṣáájú àsìkò. Bàbá mi ní tirẹ̀ wa ọkọ̀ ojú irin títí ó fi darúgbó. Ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Aago mẹ́rin la jọ fi àdéhùn sí pé a óò dé ilé Oníbúrẹ́dì. Aago méjì kọjá díẹ̀ ni Màmá mi ti dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, tí mò ń fa aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn pé ká ṣì yí ká àdúgbò ná.

Ilẹ̀kùn ò tì. Màmá mi tì í wọlé.

Oníbúrẹ́dì jókòó, ó kẹ̀yìn sí wa, ó wọ ṣòkòtò péńpé, ó fi ohun ìgbọ́rọ̀ ńlá bo etí méjèèjì. Ìyá àgbà kan wà nínú géèmù náà tó máa ń dúró sójú afárá, tí kì í jẹ́ kí èèyàn kọjá. Èmi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Màmá mi ò mọ̀. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọ yàrá báyìí ni Oníbúrẹ́dì figbe ta:

"Ìyá arúgbó yìí! Kúrò lọ́nà mi! Ojoojúmọ́, ojoojúmọ́! Ta ló tiẹ̀ pè ọ́ wá síbí?"

Màmá mi dúró gbagidi. "Ta ló ń bá wí?"

"Màmá, géèmù ni o—"

"Mo ní ta ló ń bá wí?"

Ikọ́ mú Bàbá mi lójijì. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa á mọ̀ pé kì í ṣe ikọ́.

Oníbúrẹ́dì yíjú padà, ó rí wa, ó sì fò dìde. Wáyà tó wà létí rẹ̀ fa ẹ̀rọ náà tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ kúrò lórí pẹpẹ, ó balẹ̀ gbì. "Ẹ káàsán, Mà," ni Oníbúrẹ́dì ń wí. "Ẹ káàsán, Sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó." Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jókòó.

Nígbà tá a délé, ọ̀rọ̀ dé.

"Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n!" ni Màmá mi ń wí. "Lọ́sàn-án gangan! Tòun ti ṣòkòtò péńpé!"

"Màmá, wákàtí mẹ́sàn-án ló ti fi ṣiṣẹ́ kó tó jókòó."

"Ṣé mo bi ọ́ ní wákàtí? Mo ní ó ń bá àwòrán jà. Àwòrán! Àwòrán náà sì ń nà án!"

Bàbá mi ní, "Èmi tí mò ń bá rédíò jà tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù ńkọ́?"

"Ẹ̀yin ti fẹ́ mi ná kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ wèrè tiyín." Ó kọjú sí mi. "Kó yàn. Eré yẹn tàbí ìwọ."

Tí mo bá ní ó dùn mí láti jẹ́ iṣẹ́ yẹn, irọ́ ni. Ohun tó ti wà lọ́fun mi tipẹ́ ni Màmá bá mi sọ. Lọ́jọ́ kejì, mo dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, mo ní kó yàn.

Ó gbé páàdì sílẹ̀. "Iyọ̀ mi, mi ò mutí. Mi ò rìn kiri. Láti ìdájí títí dọ̀sán, ìyẹ̀fun ló ń pàṣẹ fún mi: kó tó wú, mi ò gbọ́dọ̀ kánjú, tó bá ti wú, mi ò gbọ́dọ̀ jáfara. Wákàtí méjì péré ni tèmi. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti lè kùnà, kí n tún un ṣe, láìsí oníbàárà tó dúró tì mí lórí."

"Géèmù lásán ni."

"Tó bá jẹ́ lásán ni, kí ló dé tí gbogbo yín fi fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi?"

Ẹni tí kò bá ti ní èsì, ìbínú ló máa ń mú lò. Mo sọ àwọn ọ̀rọ̀ kan tí mi ò ní tún sọ níbí, mo sì jáde, mo pa ilẹ̀kùn dé gbàgà.

Láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ yẹn ti ṣubú ló ti ń gbóná, tó ń dá kú fúnra rẹ̀. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìjà wa, ó kọ̀ jálẹ̀, kò jí mọ́. Oníbúrẹ́dì fi aṣọ ìnura dì í, ó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

"Ìwọ nìkan ni mo lè gbé e fún," ó ní. "Bínú tiẹ̀ ń bí ọ."

Mo tú u. Fúláwà ti dí fáànù inú rẹ̀. Ìyẹn ò ṣòro. Ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí ló fara pa. Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní, kí n fara balẹ̀ kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, kí n tó tún un ṣe: iṣẹ́ odindi ọjọ́ kan. Èkejì, kí n nu gbogbo rẹ̀ nù, kó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun: ogún ìṣẹ́jú. Mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó sì bi mí léèrè ketekete: gbogbo ohun tó wà níbí máa pa rẹ́, ṣé o gbà?

Ká ní oníbàárà mìíràn ló ni ín, mi ò bá ti pè é lórí fóònù kí n bi í. Mo rántí Màmá mi. Mo rántí gbogbo "Ẹ̀n-ẹ́n" tí mo ti gbọ́. Mo tẹ̀ ẹ́: mo gbà.

Lọ́jọ́ kejì, ó tàn án níwájú mi. Ojú tẹlifíṣọ̀n mọ́ foo.

"Ó ti lọ?"

"Ó ti lọ."

"Gbogbo ẹ̀? Ọdún mẹ́ta?"

"Ìṣubú ọjọ́ yẹn ló fà á," mo ní, mo wò ó lójú. "Kò sóhun tí mo lè ṣe sí i."

Ó mi orí fúngbà díẹ̀. "O ṣeun, iyọ̀ mi. Mo mọ̀ pé o gbìyànjú." Lọ́jọ́ kejì ó gbé búrẹ́dì gbọọrọ méjì wá láti fi dúpẹ́. Mo gbà á. Mo gbé ọ̀kan lọ fún Màmá mi.

Kò ṣeré mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ká wáyà, ó gbé ẹ̀rọ sínú páálí. Màmá mi ní, "Ṣé o rí i? Orí rẹ̀ ti wálé."

Èmi ni mo wá ni aago kan sí aago mẹ́ta. Mo sọ̀rọ̀, ó fèsì. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ra àga tuntun, ó ní ó dáa, irú àwọ̀ wo ni. Kò ṣàwàdà. Kò pariwo. Á jókòó, á máa wo ibi tí ẹ̀rọ wà tẹ́lẹ̀, oorun á sì gbé e lọ. Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún gan-an ni wọ́n fún mi, mi ò sì mọ ibi tí màá gbé e sí. Tó bá ti pè mí ní iyọ̀, ṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n fi iyọ̀ náà sójú egbò.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fara dà á. Lọ́jọ́ kan, orí ìdúró ni mo wà nínú yàrá rẹ̀, mi ò tiẹ̀ tíì bọ́ báàgì léjìká.

"Ọ̀nà kan wà," mo ní. "Mo lè ti kó gbogbo ẹ̀ jáde. Ọjọ́ kan péré ni ì bá gbà mí. Ẹ̀rọ bi mí kí n tó nù ún. Èmi ni mo ní mo gbà."

Mò ń retí kó pariwo. Ì bá ti dáa.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ," ó ní. "Mo gbé búrẹ́dì wá. O sì gbà á."

"Mo gbà á."

"O jẹ ẹ́."

"Mo jẹ ẹ́."

"Máa lọ, Ẹnjiníà."

Àṣé orúkọ tí gbogbo àdúgbò ń pè mí lè dún bí ẹni lé èèyàn jáde.

Kò wá, kò pè. Oníbàárà kan wà tó ti kó kúrò nílùú, tó ní kí n fi ẹ̀rọ géèmù òun ṣe ohun tó bá wù mí. Irú ti Oníbúrẹ́dì gẹ́lẹ́ ni. Mo gbé e sọ̀ kalẹ̀ lórí pẹpẹ, mo wá géèmù kan náà, mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n kékeré tí mo fi ń yẹ iṣẹ́ wò. Mo fẹ́ mọ ohun tí mo pa.

Háà! Ọjọ́ méjì gbáko, ojú ọ̀run ni mò ń wò, torí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń yí ojú ẹni tó wà nínú ẹ̀ padà. Mo kó sí kòtò kan nígbà mọ́kànlá. Kòtò kan náà! Lọ́jọ́ kẹta, àkùkọ kan pa mí. Èmi tí mo ti ń tún ẹ̀rọ ṣe láti ọdún mẹ́wàá. Igbe tí mo ké, obìnrin tó ń ṣe fọtokópì sáré wọlé.

"Ẹnjiníà! Ṣé iná ló gbé ọ?"

"Àkùkọ ni!"

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì.

Mo búra pé mi ò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Lọ́jọ́ kejì mo tún tàn án. Ó ń bí mi nínú, ó sì ń pè mí. Nígbà tó di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, mo rékọjá kòtò, mo sá fún àkùkọ, mo gun òkè kan dórí. Gbogbo àfonífojì náà ṣí sílẹ̀ nísàlẹ̀, odò ń dán, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ koríko. Nídìí iṣẹ́ mi, tí mo bá ṣe nǹkan tó dáa, wọ́n á bi mí kí ló dé tó fi pẹ́. Òkè yẹn ò bi mí ní nǹkan kan. Mo yíjú láti sọ fún ẹnì kan, ẹni tí mo fẹ́ sọ ọ́ fún ò sì sí níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti sunkún, láàárín wáyà àti rédíò onírédíò.

Lẹ́yìn òkè ni mo pàdé ẹṣin. Ọjọ́ mẹ́rin ni ẹṣin yẹn fi ń gbé mi ṣánlẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù gbàgà, mo wá Oníbúrẹ́dì lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Aago méjìlá ti lù. Ó ń fọ páànù. Ó rí mi, kò dáwọ́ dúró.

"Ẹṣin yẹn ò jẹ́ kí n gun òun," mo ní.

"Ẹṣin wo?"

"Ẹṣin dúdú etí odò. Ó ti gbé mi ṣubú nígbà mẹ́rìndínlógójì. Mo kà á."

Páànù yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú omi. "Kí lo fún un jẹ?"

"Ṣé wọ́n ń fún un ní nǹkan jẹ ni?"

"Ẹnjiníà! Ẹran tébi ń pa lo kàn lọ gorí ẹ̀?"

"Ta ló sọ fún mi pé ebi ń pa á?"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó rántí pé a ń jà. Nígbà tó rántí, ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Inú ṣì ń bí mi o."

"Mo mọ̀."

"Ó máa pẹ́ kó tó tán."

"Mo mọ̀. Má bínú. Kí ni kí n fún un jẹ?"

Lọ́jọ́ kejì ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí àpótí, ó ń wò mí. "Sọ́tùn-ún," á ní. "Sọ́tùn-ún! Ọwọ́ tó o fi ń jẹun!" Èmi náà á ní kó jẹ́ n gbọ́ràn. A jà lórí ẹṣin, a jà lórí afárá. Ọjọ́ kẹsàn-án ló tó pè mí ní iyọ̀ padà, ó sì ṣèèṣì ni. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kó má bàa gbà á padà.

Nígbà náà ni mo lọ jẹ́wọ́ fún Màmá mi.

"Ó bi ọ́, o wò ó lójú, o purọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ó gbé búrẹ́dì wá, o jẹ ẹ́?"

"Mo jẹ ẹ́."

"Èmi náà jẹ nínú ẹ̀?"

"Ẹ jẹ ẹ́, Màmá."

Ó jókòó pẹ̀sẹ̀. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń bá ọmọ ọlọ́mọ wí torí irọ́," ó ní. "Àṣé inú ilé mi ló sùn sí." Ó wá ní kí n pe Oníbúrẹ́dì wá.

Ó wá lọ́jọ́ Àìkú, ó wọ ṣòkòtò gígùn, ó ti fọ gbogbo fúláwà kúrò lórí. Màmá mi ò jẹ́ kó tíì jókòó dáadáa.

"Ọmọ mi purọ́ fún ọ. Èmi ni mo sì rán an níṣẹ́ tó gbé e débẹ̀. Má bínú sí wa."

"Ó ti tán, Mà."

"Kò tíì tán. Tó o bá fẹ́ ẹ, ṣé wàá fi eré yẹn sílẹ̀?"

"Rárá, Mà."

Bàbá mi rọra yí ohùn rédíò rẹ̀ wálẹ̀.

"Mo lè dín in kù," ni Oníbúrẹ́dì wí. "Tí ọmọ yín bá pè mí, mo lè pa ẹ̀rọ náà, kódà tí mi ò bá tíì tọ́jú ibi tí mo bá eré dé. Àmọ́ tí mo bá ní màá fi sílẹ̀, irọ́ ni màá pa, Mà. Irọ́ kan ti tó nínú ọ̀rọ̀ yìí."

Màmá mi yíjú sí Bàbá mi. "Ẹ gbọ́ ohun tó wí?"

"Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ ó fẹ́ ẹ."

"Ẹ dákẹ́ ná, mò ń ronú." Ó ronú fún bí ìṣẹ́jú kan, ó sì bi Oníbúrẹ́dì bóyá búrẹ́dì rẹ̀ máa ń ṣẹ́ kù lọ́jọ́ Sátidé. Àwa tá a mọ̀ ọ́n, a mọ̀ pé ó ti gbà nìyẹn.

Ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ la ti ṣègbéyàwó, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Aago mọ́kànlá ni wọ́n pè wá. Màmá mi ti mú wa débẹ̀ láago mẹ́sàn-án.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀sán kan, ó jókòó tì mí nínú yàrá wa. Kò sí páàdì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi. Ohun tí mo pa rẹ́."

Ó ní kò sí nǹkan, pé kí n gbàgbé ẹ̀. Mo ní kó sọ ọ́.

Ó wá bẹ̀rẹ̀. Ilé kan wà létí odò, òrùlé rẹ̀ pupa. Ó fún gbogbo àgùntàn rẹ̀ mọ́kànlá lórúkọ, ó sì ka orúkọ náà fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ògiri kan wà tó wọ́, tí kò tún ṣe, torí òun ló kọ́kọ́ mọ nígbà tí kò tíì mọ ọ̀nà. Ọkọ̀ ojú omi kan wà tó fi ọdún kan kàn, tí kò tíì gbé sómi rí. Ó ní ọjọ́ tí òun bá ṣẹ́gun Baba Onírin lòun fẹ́ wọ̀ ọ́. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ níbẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ó sọ̀rọ̀ títí aago mẹ́ta fi kọjá. Kí n má purọ́, ó sú mi níbì kan, níbi tó ti ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń to òkúta. Mo gbọ́ ọ náà. Nígbà tó dákẹ́, tó rò pé mo ti gbọ́ àgbọ́tán, mo sún mọ́ ọn sí i, mo ní:

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"